Bàálù Kejì Fò Lọ, Wọ́n sì Dá Mi Padà Sí Economy: Bí Mo Ṣe Gba Owó Mi

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo rà fún ìrìn àjò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàálù méjì ni mo máa wọ̀: kékeré kan láàárín Yúróòpù, lẹ́yìn náà ńlá kan tó máa la òkun kọjá. Business class, ìyẹn ìjókòó olówó ńlá, ni mo sanwó fún nínú méjèèjì. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn ló gbè mí. Ẹni tó bá ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí pé ó dínwó díẹ̀, bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èrò tí kò yọjú ló jẹ́ lójú iléeṣẹ́ kejì, wọn ò sì jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

Ẹ̀rọ bàálù àkọ́kọ́ ló ní ìṣòro. A jókòó sínú rẹ̀ títí ó fi sú wa kó tó gbéra, ìgbà tá a sì máa balẹ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn èkejì. Kí n tó dìde lórí ìjókòó ni fóònù mi ti dún. Áàpù iléeṣẹ́ náà ti wá àyè míì fún mi: àárọ̀ ọjọ́ kejì, economy (ìjókòó olówó pọ́ọ́kú), ìjókòó àárín. Bọ́tìnnì ńlá kan wà nísàlẹ̀ tó ní kí n tẹ òun láti fi hàn pé mo gbà.

N kò tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ló wá àyè yẹn, kò sì mọ̀ ju kó ṣáà ti kó èrò kúrò nílẹ̀ lọ. Mo ya àwòrán ojú fóònù náà, mo tún ya ti tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ níbi tí business class ti hàn kedere, torí pé bí wọ́n bá ti yí i padà, ti àtijọ́ sábà máa ń pòórá nínú áàpù. Boarding pass, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń wọ bàálù, tí mo ti gbà fún bàálù tó fò lọ, inú ìwé ìrìnnà mi ni mo fi í sí. Ẹ má ju tiyín nù rárá.

Ìlà gùn níwájú káúńtà. Mo tò síbẹ̀, mo sì pe iléeṣẹ́ náà lórí fóònù bí mo ṣe wà lórí ìdúró, torí kò sí òfin tó ní kéèyàn mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọrin sí mi létí, mo wọ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú áàpù wọn bí ẹni tó fẹ́ ra tuntun. Bàálù àárọ̀ tí wọ́n fún mi, business rẹ̀ ti kún. Ti alẹ́ ọjọ́ kejì yẹn ṣì ní àyè. Iléeṣẹ́ míì tó ń bá wọn ṣe àjọṣe náà ní ọ̀kan lọ́sàn-án. Mo kọ nọ́ńbà àwọn bàálù náà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ máa ń tètè dá ẹni tó mú nọ́ńbà wá lóhùn ju ẹni tó kàn ń béèrè pé kí ni wọ́n lè ṣe fún òun lọ.

Obìnrin tó wà ní káúńtà ti gbọ́ ariwo púpọ̀ kó tó kàn mí. Ọkùnrin tó wà níwájú mi ti na ìka sí i lójú, kò sì rí nǹkan kan mú lọ. Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nítorí náà mo kí i dáadáa, mo sì fi nọ́ńbà mi hàn án. Ó ní, "Ẹ máa bínú, sà. Ti iléeṣẹ́ kejì yẹn, wọn ò gbà fún wa. Ẹ lè lọ láàárọ̀ nínú economy, tàbí kẹ́ ẹ dúró di alẹ́ nínú business."

Irú yíyàn tí Òfin Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 261 ti ọdún 2004 fún èrò tí wọ́n fagi lé bàálù rẹ̀ nìyí: kí wọ́n gbé e dé ibi tó ń lọ ní kíákíá tó bá ṣeé ṣe, lọ́nà tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, tàbí ní ìgbà míì tó bá wù ú, bí àyè bá wà. Mo ní ìpàdé tí kò lè dúró dè mí, mo bá gba ti àárọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ pé ó dáa, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo béèrè economy, pé business ti kún ni." Ó kọ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Ìwé pélébé yẹn ló wúlò jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo gbà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo tún béèrè bóyá wọ́n ti tún tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé nǹkan méjì ni: kóòdù oní-lẹ́tà-mẹ́fà tá a fi ń wo ìrìn àjò wa, àti tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ oní-dígíìtì 13. Àkọ́kọ́ lè ti fi bàálù tuntun hàn nígbà tí èkejì ṣì wà lórí ti àná, ẹnu ọ̀nà bàálù ni wọ́n á ti dá èèyàn dúró. Tèmi kò tíì yí padà lóòótọ́. Ó ṣe é lójú mi.

Hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti ọkọ̀ tó gbé wa lọ tó gbé wa bọ̀, wọ́n fún wa láìjà. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n ṣe é. Báàgì mi sùn sọ́dọ̀ wọn. Láàárọ̀, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ bóyá ẹnì kan ò ní wá nínú business, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wá.

Nígbà tí mo délé, lẹ́tà méjì ni mo kọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, torí pé tí èèyàn bá pa wọ́n pọ̀, owó ẹyọ kan ni wọ́n á fi pa á lẹ́nu mọ́.

Ti àkọ́kọ́ dá lórí pípẹ́. Láti ọdún 2009 ni Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ pé ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ débi tó ń lọ lè gba owó gbà-máà-bínú, ní 2013 wọ́n sì fi kún un pé ibi tí ìrìn àjò parí sí ni a ó ti ṣírò rẹ̀. Fún ọ̀nà tó ju kìlómítà 3,500 lọ, 600 yúrò ni. Iléeṣẹ́ náà fèsì pé ìṣòro ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀bi àwọn. Mo rán wọn létí pé ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 2008 pé ìṣòro ẹ̀rọ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í ṣe àwíjàre. Wọ́n fi voucher lọ̀ mí, ìyẹn ìwé tí mo lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì míì lọ́dọ̀ wọn. Mo ní owó ni mo fẹ́. Wọ́n san án.

Ti ìjókòó ló wá le. Ìdáhùn wọn ni pé àwọn ti wo iye tí economy jẹ́ lọ́jọ́ tí mo fò, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra business lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà kò sí ìyàtọ̀ tí àwọn fẹ́ dá padà. Ọgbọ́n yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ kò sí nínú òfin. Abala 10 kò bìkítà nípa iye tí ìjókòó kejì jẹ́. Ohun tó wí ni pé bí wọ́n bá fi èrò sí ipò tó rẹlẹ̀ sí èyí tó sanwó fún, kí wọ́n dá ìdá 30 nínú 100 owó rẹ̀ padà fún ọ̀nà tí kò ju kìlómítà 1,500 lọ, ìdá 50 fún ti àárín, ìdá 75 fún ọ̀nà jíjìn bíi tèmi, láàárín ọjọ́ méje. Kò sì sí àwíjàre kankan nínú abala yẹn.

Owó wo ni wọ́n á yọ ìdá 75 náà nínú rẹ̀? Kì í ṣe ti gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹjọ́ C-255/15, tí wọ́n dá lóṣù Kẹfà ọdún 2016, dá lórí èrò kan tó ra first class, ipò tó ga ju business lọ, tí wọ́n sì fi sí business láti Düsseldorf lọ sí Dubai. Ilé ẹjọ́ ní owó bàálù tí wọ́n ti rẹ èèyàn sílẹ̀ nìkan ni ká wò, láìka owó orí tí kì í yí padà bí ipò ìjókòó bá yí padà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ò bá sọ iye bàálù kọ̀ọ̀kan, gígùn ọ̀nà ni a ó fi pín in. Ká ní owó tíkẹ́ẹ̀tì láìsí owó orí jẹ́ 2,400 yúrò, gbogbo ọ̀nà sì jẹ́ kìlómítà 8,000, tí 7,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti bàálù ńlá: 2,100 ni ti bàálù ńlá, ìdá 75 rẹ̀ sì jẹ́ 1,575. Mo ṣe irú ìṣirò yìí fún tèmi, mo kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo so àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé pélébé ti káúńtà mọ́ ọn, mo sì fi kún un pé bí wọn ò bá dáhùn, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó òfin yìí ní orílẹ̀-èdè tí mo ti gbéra.

Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń bá èèyàn gba owó yìí, tí wọ́n á sì yọ tiwọn níbẹ̀. N kò rí ìdí láti lò wọ́n nígbà tí ìwé mi ti pé. Owó náà wọlé sí báńkì mi láìjẹ́ pé mo dé ọ̀dọ̀ àjọ kankan.

Ẹ kíyè sí i pé torí pé Yúróòpù ni mo ti gbéra ni òfin yìí fi dé ọ̀dọ̀ mi, iléeṣẹ́ yòówù tí ì báà jẹ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ sí Yúróòpù láti ìta, bàálù iléeṣẹ́ Yúróòpù nìkan ló mú un lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK) ní irú rẹ̀ tiwọn, ìdá 30, 50 àti 75 náà ni, àmọ́ 520 pọ́n-ùn ló wà nípò 600 yúrò.

Ó ku máìlì, ìyẹn àmì tí iléeṣẹ́ bàálù ń kà fún èrò tó bá wọ bàálù wọn. Wọ́n ka bàálù ńlá náà fún mi bíi ti economy, mo sì kọ̀wé pé business ni mo rà. Èyí ni wọ́n tún ṣe kíákíá jù, bóyá torí pé kì í ṣe owó.