Bí a ṣe ń béèrè àfikún owó oṣù lẹ́yìn tá a bá ti di chartered

Ẹ ti parí ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì Nàìjíríà, ẹ ti ṣe induction tí wọ́n fi ń gbà yín wọ ẹgbẹ́, ACA, oyè akáńtáǹtì tó ti di chartered, ti wọ ẹ̀yìn orúkọ yín, gbogbo ẹbí ti gbé fọ́tò sí status. Àmọ́ sàlárì tí wọ́n ń san fún yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà ní Skills Level, ìpele àárín ìdánwò náà, ló ṣì ń wọlé. Ẹ̀yin lẹ máa lanu sọ̀rọ̀ o, HR ò ní pè yín.

Ẹ kọ́kọ́ yọ lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ jáde, kẹ́ ẹ sì ka handbook, ìwé òfin ilé iṣẹ́. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé áláwánsì wà fún ẹni tó bá di chartered, ẹ ò nílò àrọwà kankan, ẹ fi ẹ̀dà sáàtífíkéètì ránṣẹ́, ó parí. Tó bá jẹ́ àwọn ló san owó ìdánwò, ẹ wò ó bóyá ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní kúrò fún àkókò kan, torí ẹni tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ ò lè fi "mò ń lọ" halẹ̀.

Tó bá kan iye tẹ́ ẹ máa béèrè, ẹ fi Google sílẹ̀. Àwọn tẹ́ ẹ jọ lọ lẹ́sìnnì ni kẹ́ ẹ bi, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́, òun ló mọ iye tí wọ́n ń san báyìí. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí iye tí mo fẹ́ kó wọ account, kí n tó ṣírò padà sí gross, ìyẹn iye owó kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, jótà àti fóònù ti tó. Ẹ má gbàgbé pé 8% àròpọ̀ basic, housing àti transport inú owó oṣù yín ń lọ sí pẹ́ńṣọ̀n, tí wọ́n bá fi ₦100,000 kún àròpọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ₦8,000 ti lọ kí owó orí tó débẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ gan-an ni iwájú ọ̀gá. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ lánlọ́ọ̀dù Súrùlérè àti owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé CMS. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá náà ní lánlọ́ọ̀dù tiẹ̀. Àwọn míì á gbé sáàtífíkéètì síwájú bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ, bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn ò tíì pa kọ́bọ̀ fún ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ tó ti bọ́ sọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ sọ: VAT, owó orí ọjà, tẹ́ ẹ ń fáìlì kó tó di ọjọ́ 21 oṣù, ìbéèrè ọ́díítọ̀ tẹ́ ẹ ń dáhùn láìpe consultant.

Ẹ kàn sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti di chartered, èmi náà ni mo sì ń bójú tó VAT àti àwọn ọ́díítọ̀ báyìí. Mo fẹ́ kí owó oṣù mi di iye báyìí mà." Kẹ́ ẹ wá panu dé. Mo ní kẹ́ ẹ panu dé! Bọ̀dá kan tá a jọ ṣiṣẹ́ ní Marina dárúkọ iye, ọ̀gá gbójú sókè ń wo AC, kò sọ nǹkan kan, bọ̀dá ò lè mú un mọ́ra, ló bá ní "àbí ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí sà". Owó oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi kún un. Ẹnu àìmẹnu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ má ṣe é ní Monday, ẹ má ṣe é níparí oṣù, ẹ má ṣe é lórí WhatsApp. Thursday lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí wọ́n tó ti bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ pa. Tí wọ́n bá ní "a máa wò ó", ẹ béèrè ọjọ́, kẹ́ ẹ sì fi ìméèlì kékeré tì í lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìlà mẹ́ta ti tó. Tí wọ́n bá ní kò sówó, ẹ ní kí wọ́n máa san owó ẹgbẹ́ ICAN yín lọ́dọọdún, ìyẹn kì í sábà le.

Tó bá wọlé, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́fíìsì, àgàgà ẹni tó ṣì ń kọ Professional Level, ìpele tó kẹ́yìn.