Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù epo tuntun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa mọ́tò Golf 3, tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí ò stáàtì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹnìkan fetí sí ẹ̀yìn lọ́dọ̀ táńkì, ó yẹ kí pọ́ǹpù kùn fún bíi sẹ́kọ́ńdì 2. Tí ò bá kùn, ẹ wo fíùsì, lẹ́yìn náà rílè 167 (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù), ọ̀dàlẹ̀ gidi nìyẹn, sódà (òjé tí wọ́n fi jó wáyà pọ̀) inú ẹ̀ máa ń sán, á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tí mọ́tò bá ti gbóná á ní òun ò lọ mọ́. Tí rílè bá dáa, ẹ fi tẹ́stà oníná sí wáyà pọ́ǹpù kí ẹnìkan máa stáàtì mọ́tò, tí tẹ́stà bá tan tí pọ́ǹpù ò ṣe nǹkankan, ẹ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó so mọ́ irin ara mọ́tò) kẹ́ ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Kí rewire (oníṣẹ́ iná mọ́tò) tó ń mu sìgá jìnnà síbẹ̀ o, epo wà níbẹ̀!