Bí mo ṣe gba owó mi lọ́wọ́ aránṣọ tó fi òní dónìí, tó fi ọ̀la dọ́la, tí mo sì padà rí aṣọ Bọ́mà wọ̀

£240 ni mo kó fún ọkùnrin kan níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kó bá mi rán ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò sójà, irú èyí tí àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀ jagun ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) lọ́dún 1944. £120 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di oṣù, oṣù gorí oṣù, aṣọ kò dé, àlàyé ló ń dé. Nígbà tí ẹrù náà sì padà dé, ohun tí mo sanwó fún kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo ti gba owó mi, mo sì ti ní aṣọ tó péye báyìí, àmọ́ inú tó bí mi kò tíì rọ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rán irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ká mi lára. Bàbá tó bí ìyá mi lọ sí Bọ́mà. Àwa ọmọ Nàìjíríà àti Gánà díẹ̀ nílùú Lọ́ńdọ̀nù máa ń múra bíi sójà ayé ìgbà yẹn, a ó lọ sí ilé ìwé àti ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn ogun àtijọ́, a ó pàtẹ ẹrù wa, a ó sì ṣàlàyé fún èrò. Ibi tá a bá dé, sójà Amẹ́ríkà á ti kún ibẹ̀, sójà Jámánì á ti kún ibẹ̀, kò ní sí ẹyọ ẹnì kan tó dúró fún 81st West African Division, ọ̀wọ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà fún Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ àwọn ló la àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà kọjá lọ́dún 1944, níbi tí mọ́tò kò lè gbà, tí àwọn aláàárù ń fi orí ru ọta ìbọn àti oúnjẹ, tí bàálù sì ń ju ohun tí wọ́n nílò sílẹ̀ fún wọn látòkè. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942. Ọta bà á létí odò Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló sì ń fún un lóúnjẹ níbi tó sá pamọ́ sí, títí àwọn ọmọ ogun ìhà tirẹ̀ fi padà dé. Ẹni tó bá fẹ́ dúró níwájú ọmọdé kó sọ irú ìtàn yìí kò gbọdọ̀ wọ jákujàku.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń rán an tà lọ́pọ̀. Aṣọ sójà Amẹ́ríkà àti ti Jámánì ń ti ilé iṣẹ́ ńlá jáde. Ẹ sọ sáìsì yín, ó di ọ̀la kó wọlé. Ti Bọ́mà, pàápàá irú èyí tí wọ́n rán ní Íńdíà, ọwọ́ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lẹ ó ti rí i. Àwọn tó mọṣẹ́ wà nínú wọn, mi ò bú gbogbo wọn. Àmọ́ òun ni télọ̀, òun ni akọ̀wé, òun ni akápò, òun náà ló ń gbé ẹrù lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó sì mọ̀ dájú pé ẹ ò ní ibòmíì tẹ́ ẹ máa lọ.

Mi ò ní pẹ́ lórí wíwọn ara. Àyà, ìbàdí, gígùn apá, ó tán. Aṣọ fúnra rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Òwú ni wọ́n fi hun ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ìhun tó ní ihò wínníwínní káàkiri tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Aertex ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 1888 ni ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ ewé ni wọ́n pa á, nítorí kákí tí wọ́n ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń hàn ketekete nínú igbó. Bí ihò yẹn kò bá sí lára rẹ̀, kò sí bí bọ́tìnnì àti àpò ṣe lè pé tó, aṣọ mìíràn lẹ wọ̀.

Ọkùnrin yìí mọ gbogbo èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ímeèlì tó fi gba iṣẹ́: òwú lódidi, Aertex oníhò, àwọ̀ jungle green. Mo ní kó gé díẹ̀ nínú aṣọ náà fi ránṣẹ́ kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ó ní kò sí wàhálà. Kò fi ránṣẹ́. Mo tún kọ̀wé, ó ní ẹni tó ń hun aṣọ fún òun ló dá òun dúró. Mo tún kọ̀wé, ó ní maṣíìnì òun bàjẹ́. Nígbà tó yá, ó ní ara ìyàwó òun kò yá. Mo kí i, mo ní kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà, mo sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àsìkò tí mo fi í lọ́rùn sílẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi rí i níbi tó ti pàtẹ aṣọ sójà Jámánì tuntun, tó ń tà á wàràwàrà. Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Maṣíìnì ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń mówó tuntun wọlé ló gbájú mọ́, nítorí tèmi ti wà lápò rẹ̀ ná.

Ohun tó ń dunni jù ni pé kì í sọ̀rọ̀ burúkú. Gbogbo ímeèlì rẹ̀ ló ń fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ń fi ọpẹ́ parí, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó dárúkọ ọjọ́. Láìpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí aṣọ bá ti wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ ò ní rí ibi dì mú. Ilé ìwé tí mo tìtorí rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà jáde pè wá, ọjọ́ pé, kákí àyálò ni mo wọ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó béèrè bóyá irú èyí ni wọ́n wọ̀ nínú igbó Bọ́mà. Mo ní rárá, aláwọ̀ ewé ni, ó ń bọ̀. Ó rò pé mo gbé e wá, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Ìgbà tí mo kọ̀wé pé kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ báyìí tàbí kó dá owó padà ni aṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Consumer Rights Act ti ọdún 2015, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún mi lẹ́nu. Bí ẹ ò bá jọ dá ọjọ́ kankan, ọjọ́ 30 ni òlùtajà ní láti fi gbé ọjà wá. Bí ọjọ́ bá kọjá, ẹ lè dá ọjọ́ mìíràn tó bójú mu fún un. Bó bá tún kùnà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wọ́gi lé ọjà náà kẹ́ ẹ gbowó yín. Mo kọ orúkọ òfin náà síbẹ̀ gbangba. Ẹni tó ń fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ímeèlì lánàá wá fi nọ́ńbà ẹrù bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀tẹ̀ yìí.

Mo já ẹrù náà lórí tábìlì ilé ìdáná. Àwọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Mo na ṣẹ́ẹ̀tì náà sójú fèrèsé, mi ò rí ihò kankan, ó dí gbọin. Mo fọwọ́ pa á, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́. Mo wá fa fọ́nrán òwú kan yọ ní eteetí rẹ̀ nínú, mo ṣá iná sí i. Òwú gidi á jó di eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òórùn bébà tó ń jó ni yóò sì máa rùn. Eléyìí yọ́, ó kán, ó ṣe dúdú, ó sì le gbagidi bíi kóró ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tó tutù. Pọ́lísítà ni. Mo fa òmíràn yọ lára ṣòkòtò, bákan náà ni.

Báàjì apá ọ̀tún tún wá ńkọ́? Aláǹtakùn dúdú lórí òbìrí òféèfèé ni àmì 81st Division. Ananse ni, aláǹtakùn ọlọgbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn Àkàn, ẹni tí a lè sọ pé ó ń ṣe iṣẹ́ tí Ìjàpá ń ṣe nínú tiwa. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni aláǹtakùn ní, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà ni ọkùnrin yìí rán sí tèmi. Mo fi ọmọ ìka kà á, mo tún un kà. Àwọn bàbá wa gbé àmì yìí sọ́rùn apá wọ inú igbó, àwọn kan ò sì bá a jáde. Ó kéré tán, ó yẹ kí ẹni tó ń gbowó lórí rẹ̀ lè ka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo kọ̀wé pé mo kọ aṣọ, kó dá owó mi padà. Ó fèsì pé aṣọ tí wọ́n bá rán mọ́ èèyàn lára kì í ní ìdápadà. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹnu dí èèyàn lẹ́nu nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọjọ́ 14 tí òfin fún ẹni tó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti yí ọkàn padà kò kan aṣọ tí wọ́n rán mọ́ yín lára. Ṣùgbọ́n èmi ò yí ọkàn padà. Ohun tó júwe kọ́ ló fi ránṣẹ́, òfin ọdún 2015 sì fún mi ní ọjọ́ 30 láti ọjọ́ tí ọjà dé ọwọ́ mi láti kọ̀ ọ́ kí n gba owó mi lódidi, ì báà jẹ́ pé wọ́n rán an mọ́ mi lára. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́.

Káàdì kírẹ́díìtì ni mo fi san owó náà, ibẹ̀ ni mo gbà yọ. Abala 75 nínú òfin Consumer Credit Act ti ọdún 1974 sọ pé bí ọjà bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, báǹkì tó ni káàdì náà àti òlùtajà jọ jẹ yín ní gbèsè ni, kódà bó jẹ́ àsansílẹ̀ nìkan lẹ fi káàdì san. Iye ọjà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò o, wọn kì í ro ó pọ̀. Bó bá jẹ́ £90 ni ṣẹ́ẹ̀tì, tí ṣòkòtò jẹ́ £90, ẹ̀tọ́ yẹn kò sí. Báǹkì béèrè ẹ̀rí. Mo kó ímeèlì tó ti kọ òwú lódidi ránṣẹ́, mo fi fọ́tò fọ́nrán tó yọ́ tì í, mo fi fọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà náà tì í. Wọ́n bi í léèrè, wọ́n tún bi èmi náà, wọ́n sì dá £240 padà. Ká ní tíránsífà tààrà ni mo fi san án, bó ṣe bẹ̀ mí pé kí n ṣe, ilé ẹjọ́ ni ǹ bá máa lọ.

Mo wá aṣọ fúnra mi. Mo rí Aertex olówùú funfun lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á ní yáàdì, mo rẹ ẹ́ láró ewé nílé. Ẹni tó bá ti rẹ aṣọ rí kò nílò àlàyé. Ọ̀dọ̀ àǹtí kan tó ń rán aṣọ ẹbí ní Peckham ni mo gbé e lọ, pẹ̀lú fọ́tò àwọn sójà náà tí mo tẹ̀ jáde láti inú àkójọ Imperial War Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ogun àtijọ́ sí.

Ó gbé aṣọ náà sókè. "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi aláṣọ ihò yìí rán? Ṣé síńgílẹ́ẹ̀tì ni?"

"Rárá, Àǹtí. Aṣọ sójà ni. Àwọn bàbá wa tó lọ Bọ́mà ló wọ̀ ọ́."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi. "Bàbá kan wà ládùúgbò wa n'Íjẹ̀bú nígbà tí mo kéré. Bàbá Bọ́mà là ń pè wọ́n. Àwa ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn gan-an." Ó wo fọ́tò náà títí. "Ẹ fi sílẹ̀."

Òun ló kíyè sí ohun tí ọkùnrin onímọ̀ ogun yẹn ò fi ẹnu kàn rí. Ó ní aṣọ oníhò máa ń fà, ó sì máa ń tú, nítorí náà ó fi aṣọ mìíràn tẹ́ abẹ́ ibi bọ́tìnnì àti etí àpò, ó sì ká gbogbo ojú ìrán náà mọ́ inú lẹ́ẹ̀mejì kó má baà já. Nígbà tí mo padà wo fọ́tò náà dáadáa, mo rí i pé ìlà ìrán méjì ló wà létí èjìká sójà inú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pè é lórí fóònù. Báàjì, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló bá mi ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo ya aláǹtakùn náà, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, mo sì ní kó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí kó tó gé e.

Gbogbo rẹ̀, àti aṣọ àti aró àti owó iṣẹ́ Àǹtí, kò tó £240. Mo ti wọ̀ ọ́ padà lọ sí ilé ìwé yẹn, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ ológun àti àkọ̀ àdá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ náà ń ki ìka bọ ihò aṣọ, wọ́n ń béèrè ohun tí sójà ń jẹ, wọ́n ní kí n gbé ẹrù karí kí àwọn rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sanwó títí ègé aṣọ yóò fi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fa fọ́nrán yọ nínú rẹ̀, ẹ jó o. Kí orúkọ aṣọ àti ọjọ́ wà nínú ìwé. Bó bá ní kẹ́ ẹ ṣe tíránsífà, ẹ ní káàdì lẹ fẹ́ fi san. Bí kò bá gbà, ẹ máa lọ. Fún ẹni tó ti sanwó, tí aṣọ burúkú sì ti dé: ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín ni ọjọ́ 30 náà ti ń kà, ẹ kọ ímeèlì pé ẹ kọ aṣọ lónìí, ẹ má tíì fọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ dídùn dá yín dúró títí ọjọ́ yóò fi pé.