Fóònù olójú méjì: ẹ má kánjú rà á

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń ṣojú kòkòrò sí fóònù olójú méjì (èyí tó ní ojú gíláàsì méjì, tó ń ṣí tó sì ń pa dé bí ìwé) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kó fi owó ẹ̀ sápò ná. Ẹ wo Surface Duo, fóònù olójú méjì ti iléeṣẹ́ Microsoft: dọ́là 1,399 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án 2020. Kí 2021 tó rìn jìnnà, ó ti di 999. Olówó gọbọi bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ ní NFC téèyàn lè fi sanwó ní ṣọ́ọ̀bù! Android 11, ìyẹn ẹ̀dà ètò tó ń darí fóònù, kò dé orí ẹ̀ àfi ní 2022, nígbà tí Android 12 ti wà níta.

Tó bá wù yín dandan, ẹ kọ́kọ́ ṣí i, ẹ pa á dé, ẹ wò ó bóyá áàpù báǹkì yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójú méjèèjì. Ẹ bèèrè iye ọdún tí wọn yóò fi máa fi àtúnṣe ètò inú fóònù ránṣẹ́ (ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe é fún Duo), àti iye tí wọ́n ń gbà tí ojú kan bá fọ́.