Bí mo ṣe mú kí áàpù àjọ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí fóònù wà nínú báàgì

Alájọ ni àbúrò ìyá mi, Àǹtí ni mo máa ń pè wọ́n. Láàárọ̀ wọ́n á gba Ọjà Ọba ní Ìlọrin, wọ́n á yà sí Ìpàtà; ọjọ́ mìíràn wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹni tó ń dá ₦500 lóòjọ́, wọ́n á fa ilà kan sínú káàdì rẹ̀. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ìyókù ni ti olówó. Lọ́dún tó kọjá, òjò ká wọn mọ́nà, báàgì rin gbingbin, ilà inú káàdì mẹ́fà sì rẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀, wá nǹkan ṣe sí i fún mi."

Flutter, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù, ni mo fi ṣe áàpù àjọ fún wọn, torí Android ni Àǹtí ń lò, iPhone sì ni ọmọ wọn tó ń bá wọn ṣírò owó lálẹ́ ń lò. Kóòdù kan náà ló ń bọ́ sórí méjèèjì.

Kí Àǹtí tẹ owó wọlé kò fún mi ní wàhálà. Fífi ránṣẹ́ sí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àkọsílẹ̀ wa ń gbé, ni iṣẹ́ wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọjà a máa wá, a máa lọ, Àǹtí ò sì lè dúró lẹ́nu ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ kan kí wọ́n máa wo fóònù. Timer, aago inú kóòdù, ni mo kọ́kọ́ lò, pé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kó fi èyí tó bá wà nílẹ̀ ránṣẹ́. Lórí tábìlì mi, ó ń lọ geere. Nígbà tí Àǹtí pa iná fóònù, tí wọ́n sọ ọ́ sínú báàgì, ó dákẹ́. Inú áàpù ni Timer ń gbé; bí Android bá ti dá áàpù dúró, òun náà dúró nìyẹn.

Mo wá mú package kan, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tó ń jẹ́ workmanager. Lórí Android, WorkManager ló ń bá sọ̀rọ̀, èyí tó ń ṣètò iṣẹ́ tí a máa ṣe nígbà tí áàpù kò sí lójú. Lórí iPhone, BGTaskScheduler ni, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tó sì bá iOS 13 dé ní 2019. Ohun tí mo kọ nìyí:

Workmanager().registerPeriodicTask(
  'fi-ajo-ranse', 'fiAjoRanse',
  frequency: Duration(minutes: 15),
  constraints: Constraints(networkType: NetworkType.connected),
);

Ìṣẹ́jú 15 ló kéré jù tí Android lè gbà fún irú iṣẹ́ yìí. Ìlà constraints ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, iṣẹ́ náà á jókòó dè é, kò ní máa jẹ bátìrì lásán.

Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi wá ìdí tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ń dán an wò, tí kò sì ṣe nǹkan kan nígbà tí mo di í fún Àǹtí. Mo gbàgbé láti kọ @pragma('vm:entry-point'), àmì tó ń sọ pé kí wọ́n má gé e, sórí fọ́ńṣọ̀n, ìyẹn ègé kóòdù, tí iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dart, èdè tí Flutter ń lò, ń di áàpù, kò rí ẹni tó ń pè é, ó gé e dànù. Fọ́ńṣọ̀n yẹn sì gbọ́dọ̀ dá dúró, kó má wà nínú class (àkójọ kóòdù) kankan, àfi tó bá jẹ́ static. Inú isolate ọ̀tọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn yàrá tirẹ̀ tí kò bá áàpù pín ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà mo tún ní láti ṣí database níbẹ̀ lákọ̀tun.

Ìṣẹ́jú 15 kì í ṣe ìbúra o. Láti Android 6.0 ní 2015 ni Doze ti wà: bí fóònù bá sùn sílẹ̀ pẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, Android á kó iṣẹ́ jọ, á ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá wù ú. Mi ò dúró de ìyẹn. Mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ adb shell dumpsys deviceidle force-idle, àṣẹ tó ń fipá mú fóònù sùn, iṣẹ́ náà kò kúrò lójú kan. Mo tẹ unforce láti jí i, ó lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Owó wọn dé server, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí èsì tó padà. Kóòdù mi dá false padà, pé kò yọrí, WorkManager sì tún un gbé lọ. Bí ₦500 ṣe di méjì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àjọ, ìgbẹ́kẹ̀lé ni: bí ìṣirò bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọjà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Àǹtí bá ti tẹ owó wọlé ni fóònù ń fún un ní UUID tirẹ̀, nọ́ńbà tí kò jọ ti òmíràn. Èyí tí server bá ti rí rí, kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Iye ìgbà tó bá wu fóònù kó fi ránṣẹ́, owó ò ní lé.

Lórí iPhone, mi ò jà. Mo kọ orúkọ iṣẹ́ náà sínú Info.plist, fáìlì ètò áàpù, àmọ́ earliestBeginDate kò sọ ju "kó má ṣáájú ìgbà yìí" lọ. Apple ló ń yan wákàtí. Bí olúwarẹ̀ bá sì ti fọwọ́ gbá áàpù náà dànù, kò ní ṣe nǹkan kan mọ́ títí tí wọ́n á fi ṣí i. Àbúrò mi, ọmọ Àǹtí tó ń lo iPhone, kì í sì tẹ owó wọlé, kíkà ló ń kà, nítorí náà mo jẹ́ kó máa fa àkọsílẹ̀ tuntun wá nígbàkígbà tó bá ṣí i.

Fóònù Àǹtí tún ní ohun kan tó ń pa áàpù nítorí bátìrì. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọ ètò bátìrì, mo yọ áàpù wa kúrò nínú èyí tó ń pa. Mo sì kọ ìlà kan sókè áàpù: iye tí kò tíì lọ, àti ìgbà tí èyí tó lọ kẹ́yìn lọ. Wọ́n ní ìlà yẹn ló jẹ́ kí ọkàn àwọn balẹ̀.

Ní Sátidé, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Nígbà tá a fi máa kúrò lọ́jà, 23 ni kò tíì lọ. Àǹtí sọ fóònù sínú báàgì, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n sùn. Kí mọ́tò tó wọ Ìlọrin, àbúrò mi ti pè mí láti ilé: 23 ti wọlé, owó pé.