Kí o tó lọ fi sáà kan kàwé lókè òkun

Àbúrò mi, kí o tó ronú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, wá ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ ná, ìyẹn ìwé tó to àwọn kọ́ọ̀sì tí o máa ṣe lọ́hùn-ún, tí yunifásítì rẹ nílé máa kà fún ọ. Nínú ètò Erasmus, ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i: ìwọ, yunifásítì rẹ, àti èyí tó fẹ́ gbà ọ́. Kírẹ́díìtì 30 ni sáà kan lórí ECTS, ìwọ̀n tí àwọn yunifásítì Yúróòpù fi ń ka iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ọdún kan gbáko sì jẹ́ 60.

Nígbà tèmi, mo débẹ̀ tán ni mo gbọ́ pé wọn ò kọ́ ọ̀kan nínú kọ́ọ̀sì tí mo yàn mọ́. Mo mú òmíràn, ẹnu lásán ni mo fi sọ fún olùkọ́ mi nílé. Ìgbà tí mo padà, wọn ò kà á fún mi. Ó dùn mí wọra. Bí nǹkan bá yí padà, tún ìwé náà kọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún fọwọ́ sí i. Tọ́jú ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, èyí tó ní àkòrí ẹ̀kọ́ àti iye wákàtí nínú. Òun ni wọ́n máa fi wé ti ilé.

Físà àti ìbánigbófò ìlera, tètè bẹ̀rẹ̀ wọn.

Má sì kúrò lọ́hùn-ún láìbéèrè ẹni tó máa fi èsì ìdánwò rẹ ránṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa fi í ránṣẹ́.