Bí mo ṣe tọ́ páìnì Kàríbíánì láti inú kóónù

Igi tí mo tọ́ yìí ni Pinus caribaea, páìnì ilẹ̀ olóoru tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó sì ń tutù yípo ọdún. Bí àwọn ewé àtijọ́ ti ń bọ́ ni tuntun ń yọ, ẹ kò sì ní bá a níhòòhò láé. Inú kóónù, ìyẹn ohun líle onípẹ̀ẹ́ tí irúgbìn páìnì ń gbé, ni mo ti mú irúgbìn rẹ̀, mo sì tọ́ ọ títí ó fi tó gbé lọ sóko. Ìlànà oríṣiríṣi ló wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, òmíràn sì ń ta ko òmíràn. Ọgbọ́n tí mo ta sí i ni pé mo kọ́kọ́ wádìí ilẹ̀ tí igi náà ti ń hù fúnra rẹ̀, ohun tí kò bá sí níbẹ̀, mi ò fi í kẹ́ ẹ.

Agbègbè Òkun Kàríbíánì ni ilé rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Kúbà, ní Pinar del Río àti ní Isla de la Juventud. Èkejì wà ní àwọn erékùṣù Bàhámà àti Turks and Caicos. Ẹ̀kẹta, hondurensis, ló ga jù, ó lè tó mítà 45. Ó wà láti Belize àti Guatemala títí dé Honduras àti Nicaragua. Ìtòsí Bluefields ní Nicaragua ni páìnì àdáyébá parí sí níhà gúúsù ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Morelet, ọmọ Faransé, ló sọ igi náà lórúkọ ní 1851. Barrett àti Golfari, àwọn onímọ̀ nípa igi, ló tò ó sí ẹ̀yà mẹ́ta ní 1962. Hondurensis ni mo lò.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni hondurensis ń gbé: yanrìn tí kò lọ́ràá, tó ní ásíìdì díẹ̀, koríko gígùn, òjò púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn oṣù díẹ̀. Iná sì máa ń jó níbẹ̀. Èèpo igi tó ti dàgbà nípọn, iná koríko kì í sábà pa á, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn igi elewé gbòòrò tí ì bá bò ó mọ́lẹ̀. Bí iná kò bá jó rárá fún ọdún gbọọrọ, igi elewé gbòòrò á gba ilẹ̀, òjìji wọn á sì pa àwọn ọmọ páìnì. Bó bá sì ń jó lemọ́lemọ́, á jó àwọn ọmọ náà kí èèpo wọn tó le. Nínú gbogbo èyí, ohun tí mo mú ni pé igi yìí fẹ́ òòrùn gbangba, kò fẹ́ omi tó dúró, kò sì bèèrè ajílẹ̀.

Ká wá bọ́ sórí kóónù. Páìnì kì í tan òdòdó, kì í sì í so èso tí a lè bó èèpo rẹ̀. Kóónù akọ kéékèèké ló ń tú lẹ́búlẹ́bú dànù, atẹ́gùn á gbé e lọ bá abo, ó sì ń tó ọdún kan ó lé kí kóónù abo tó gbó. Irúgbìn wà lórí ìpẹ́ rẹ̀ ní méjì méjì, láìsí ohun tó bò wọ́n. Ìgbà tí àwọ̀ kóónù bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní ti ewé bọ́ sí ti èèpo igi ni mo ká wọn. Ẹ má dúró dìgbà tí ìpẹ́ bá là, atẹ́gùn á ti kó irúgbìn lọ. Mo sá wọn sórí aṣọ nínú òòrùn, ìpẹ́ là, mo gbọn wọ́n, irúgbìn jábọ́. Kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 6, ìyẹ́ kan ló ń gbé e fò. Ìyẹ́ ti hondurensis sábà máa ń tú bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ti Kúbà ló ń rọ̀ mọ́ irúgbìn rẹ̀. Mo fẹ́ ìyẹ́ dànù, mo da irúgbìn sómi, mo sì yọ èyí tó léfòó kúrò, nítorí òfìfo ló pọ̀ nínú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé páìnì tí wọ́n gbìn sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí kò ti sí ẹ̀ẹ̀rùn tó dájú, lè so kóónù rẹpẹtẹ kí irúgbìn inú rẹ̀ má tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn púpọ̀, kó wá a lọ síbi tó jìnnà sí ìlà yẹn.

Irúgbìn sùn nínú omi mọ́jú. Yanrìn tí mo ti fọ̀ ni mo gbìn ín sí, mo bu yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, mo sì fi àwọ̀n bo orí rẹ̀ nítorí ẹyẹ àti eku. Àwọn kan á ní kí ẹ po ìgbẹ́ ẹran mọ́ ọn. Èmi ò ní gbà. Àrùn kan wà tó ń mú ọrùn ọmọ páìnì rà lẹ́bàá ilẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ á dùbúlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ọlọ́ràá tó rin gbingbin ló sì fẹ́ràn jù. Òwúrọ̀ nìkan ni mo ń bomi rin wọ́n, kí ojú ilẹ̀ lè gbẹ kó tó di alẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, wọ́n jáde, kálukú gbé èèpo irúgbìn rẹ̀ sórí bí igi ìṣáná. Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ lọ́ wọn sínú àpò, kí èèpo tó bọ́, torí pé gbòǹgbò wọn ṣì kúrú, ó ṣì tọ́. Orí ni mo fi ń dì wọ́n mú, n kì í fọwọ́ kan ọrùn. Mo fi ọ̀pá gbẹ́ ihò tó jìn sínú àpò náílọ́ọ̀nù kí gbòǹgbò lè wọlé ní tààrà. Gbòǹgbò tó bá ká nínú àpò kì í tọ́ mọ́. Igi náà á máa dàgbà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àfìgbà tí ìjì bá wó o lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Nígbà tí èèpo bọ́, ewé àkọ́kọ́ là: wọ́n lé ní márùn-ún nídìí kan, kì í ṣe ẹyọ kan bíi ti àgbàdo tàbí méjì bíi ti ẹ̀wà. Lẹ́yìn wọn ni abẹ́rẹ́ tó dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan jáde. Nígbà tó yá ni èyí tí a fi ń dá igi àgbà mọ̀ wá yọ: abẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, nínú àkọ̀ kan. Lára igi àgbà, wọ́n ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Olú kan wà tó ń gbé lára gbòǹgbò páìnì. Okùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń wọ ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, ó ń kó omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá fún igi, igi sì ń fún un ní ṣúgà tí ewé fi òòrùn sè. Níbi tí páìnì kò bá ti hù rí, olú yìí kì í sí nílẹ̀. Ní Puerto Rico, ọmọ páìnì ń hù, wọ́n ń pọ́n, wọ́n ń kú, títí wọ́n fi bu ilẹ̀ abẹ́ páìnì wá láti North Carolina ní 1955. Èmi náà bu ilẹ̀ abẹ́ páìnì àgbà tí ara rẹ̀ le, mo pò ó mọ́ yanrìn, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlà kan sílẹ̀ láìfi sí i, kí n lè rí ìyàtọ̀. Ìlà yẹn ràn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, nígbà tí àwọn tó kù ń ga. Mo fa ọ̀kan tu nínú èyí tó ń ga: orí gbòǹgbò kéékèèké rẹ̀ funfun, ó sì yà sí méjì méjì. Ẹ má bu ilẹ̀ abẹ́ igi tó ń ṣàìsàn o, àrùn rẹ̀ ni ẹ máa bù wálé.

Ìbòji ò pẹ́ lórí wọn, mo ká a kúrò ní kété tí wọ́n mú ilẹ̀. Mo máa ń gbé àpò sókè kí gbòǹgbò má baà wọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tó bíi sẹ̀ǹtímítà 25, mo dín omi wọn kù, mo sì kó wọn lọ sóko nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀. Mo ya àpò kúrò pátápátá. Ríro koríko ìdí wọn ló wá di iṣẹ́ ojoojúmọ́, nítorí kò síná tó máa bá mi jó o.

Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ òkúta ẹfun, hondurensis lè máa pọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yà Bàhámà ló mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú ẹ̀yà yẹn ti rí nǹkan. Ní 2005 ni wọ́n rí kòkòrò kan tó ń fa oje, Toumeyella parvicornis, lára rẹ̀ ní Turks and Caicos, níbi tó ti jẹ́ igi orílẹ̀-èdè wọn, ó sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ yẹ abẹ́rẹ́ wò fínnífínní kí ẹ tó gba ọmọ igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Níbi tí òjò kì í dá, ẹ lè rí èyí tó ń ga lọ fíofío láìyọ ẹ̀ka kankan, abẹ́rẹ́ nìkan yí ara rẹ̀ ká láti ìdí dé orí. Kì í ṣe àrùn, àìsí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fà á, ìran igi náà sì ń dá kún un. Èmi kì í gé orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yọ ẹ̀ka tó bá yá, bí ìjì kò bá kọ́kọ́ ṣẹ́ wọn. N kì í kàn ká kóónù lára wọn ni.